Igi Tí Mo Gbìn Sójú Ààlà

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń gbé àdá jáde sẹ́yìn ilé mi ní Ìgándò, màá máa wá ọmọ igi kiri. Ó ti pẹ́ gan-an tí a ti gé ìyá wọn. Àwọn ọmọ tó ṣeré lábẹ́ rẹ̀ ti ń fi dígí kàwé báyìí. Síbẹ̀, èso tó gbọ̀n sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ kò tíì gbàgbé wa. Á hù lẹ́bàá balùwẹ̀, á hù lẹ́nu gọ́tà, á hù sínú ìkòkò tí mo fi ọwọ́ ara mi gbin efinrin sí. Bí mo bá fa ọ̀kan tu, màá rí méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àdá mi kì í sì í mú. Wọ́n ní ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá. Ọ̀rọ̀ tèmi ti yé mi tipẹ́, nítorí èmi ni mo gbin igi náà, mo sì gbìn ín lẹ́yìn tí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ni a kó dé ibẹ̀. Ará Èkìtì ni wá. Akọ̀wé ni ọkọ mi ní ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ékòó, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ilé ìwé kan ní Ìkòtún. Owó epo ti ń ṣàn nígbà náà. Ẹni tí kò ní ju rédíò kan lọ tẹ́lẹ̀ ti ń ra ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ti ń gun alùpùpù. Àwa fi tiwa ra ilẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ni gbogbo àyíká, ilé kò ju mẹ́rin lọ ní òpópónà wa, bí òjò bá sì rọ̀, ọwọ́ la fi ń gbé bàtà dé ibi tí a ti máa wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n a kọ́ ilé yàrá mẹ́ta, a fi gíláàsì sí fèrèsé, a sì kùn ún ní yẹ́lò. Ojú mi wá ga díẹ̀. Mo ní díẹ̀ kí n má baà bú ara mi jù.

Aládùúgbò tó súnmọ́ wa jù lọ ni ìyá àgbàlagbà kan, opó, Àwórì, ọmọ bíbí ilẹ̀ náà. Kí ọkọ rẹ̀ tó kú, ó gbẹ́ kànga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, ó tutù, kì í sì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo òpópónà ló ń pọnmi níbẹ̀, ìyá kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin kan ṣoṣo ló wà. Garawa àkọ́kọ́ tí o bá fà, ti ìyá ni. Inú àmù rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà lo máa dà á sí kí o tó pọn tìrẹ. Bí àmù bá ti kún, á ní kí o dà á sídìí ẹ̀fọ́, tàbí kí o gbé e fún ewúrẹ́.

Níbẹ̀rẹ̀, mo rò pé omi ni ìyá ń wá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé ènìyàn ló ń wá. Ẹni tó bá dé ìdí àmù gbọ́dọ̀ kí i, ẹni tó bá sì kí i kò ní tètè lọ. Á bi ọ́ nípa ọkọ, á bi ọ́ nípa ikọ́ tó ń ṣe ọmọ, á bi ọ́ bóyá lẹ́tà ti dé láti ilé. Kí oòrùn tó là dáadáa, ìyá ti mọ ẹni tó sunkún mọ́jú àti ẹni tí ara rẹ̀ yá. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti tú ká, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ń jó irin ní Dópẹ̀mú, kì í sì í wá tó bó ṣe yẹ. Kànga yẹn ló ń bá a kó ènìyàn wálé.

"Ìyàwó mi" ló ń pè mí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, tí ìyá tó bí mi kò lè tètè dé láti Èkìtì, òun ló wẹ ọmọ náà fún ogójì ọjọ́ gbáko. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí wọn, á máa bu omi kànga rẹ̀ tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ sórí ọmọ, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi a jókòó tì wọ́n, màá máa sùn lórí ìjókòó. N kò tún sun oorun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Láàárín ilẹ̀ wa àti tirẹ̀, pèrègún méje tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọkọ rẹ̀ ló gbìn wọ́n. N kò lè sọ pé n kò mọ ohun tí pèrègún ń ṣe, nítorí lọ́dọ̀ tiwa náà, bí ìjà ilẹ̀ bá dé, ìdí pèrègún ni àwọn àgbà máa ń lọ wò kí wọ́n tó dá ẹjọ́. Kì í tètè kú, kì í kúrò níbi tí a bá gbìn ín sí, kì í sì í yọ ará ilé kejì lẹ́nu. Ṣùgbọ́n sọ̀fíyà ti wá wọn ilẹ̀ fún wa. Ó ti ri òpó sìmẹ́ńtì kúkúrú, tí wọ́n ń pè ní píláà, mọ́ igun ilẹ̀ wa, ó sì kọ nọ́ńbà sí i lórí. Mo fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn. Bí àlejò bá wá, mo máa ń mú wọn lọ wò ó. Lójú mi, pèrègún ti di ohun ará oko.

Ọjọ́ kan ni a lọ bá ọgá ọkọ mi ṣe ìkómọ ní Ìkòyí. Igi kan wà ní ọgbà rẹ̀ tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó na ẹ̀ka rẹ̀ bo gbogbo iwájú ilé, òdòdó pupa ló sì kún orí rẹ̀, kò sí àyè fún ewé. Fúlámúbóyáǹtì ni wọ́n ní wọ́n ń pè é. N kò lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo wọ́ tọ bàbá tó ń tọ́jú ọgbà lọ sẹ́yìn ilé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó tutù bí omi àmù, mo bẹ̀ ẹ́ kó hú ọmọ igi kan fún mi. Ó hú u, ó fi àpò ìrẹsì wé ìdí rẹ̀.

"Ẹ má gbìn ín súnmọ́ ilé o, mà," ló wí. "Ẹ má sì gbìn ín sítòsí omi. Ó lẹ́wà lóòótọ́, àmọ́ òùngbẹ máa ń gbẹ ẹ́ púpọ̀. Ibi tó bá ti gbóòórùn omi ló ń lọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba etí kan wọlé, ó gba ìkejì jáde.

Ibi tí mo fẹ́ kí igi náà wà ni ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀, kí n lè máa rí i láti inú ilé, kí ẹni tó ń bọ̀ láti títì náà sì lè rí i. Ibẹ̀ gan-an ni pèrègún tò sí, kò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ sí kànga. Ọkọ mi ní, "Ṣé o ti bi ìyá léèrè?" Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n? Ilẹ̀ wa kọ́ ni? Ṣebí píláà wà níbẹ̀." Ó ní, "Pèrègún ò kúkú dí ẹ lọ́wọ́." Mo dá a lóhùn pé kó fi ọ̀rọ̀ òdòdó sílẹ̀ fún obìnrin.

N ó jẹ́wọ́ ohun kan tí n kò sọ fún ọkọ mi títí ó fi kú. Mo mọ ọjọ́ tí ìyá máa ń lọ ọjà Ìkòtún. Ọjọ́ yẹn ni mo pe alágbàṣe pé kó wá hú pèrègún.

Nígbà tí ìyá dé, méjèèje ti wà nílẹ̀. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó dúró, ó ń wò wọ́n.

"Ìyàwó mi," ló wí, "kí ni pèrègún ṣe fún ẹ?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Ayé ti yí padà. Píláà ni wọ́n ń lò báyìí, pèrègún ò wúlò mọ́."

"Píláà," ló wí. "Ó dáa. Kó má ṣá sún."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú igi kan nínú méje, ó lọ rì í mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo lọ pọnmi, "ìyàwó mi" ló ṣì pè mí, ó sì bi mí bí ọmọ ṣe sùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Igi náà kò fi àkókò ṣòfò. Láàárín ọdún mẹ́ta, ó ti ga ju òrùlé lọ. Ní ọdún karùn-ún, ó yọ òdòdó, gbogbo ojú sì yí sílé wa. "Ilé onígi pupa" ni àwọn ènìyàn fi ń júwe ọ̀nà. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá dé, ayàwòrán á gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ sábẹ́ igi, àwọn ọmọ á tò, èmi á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé èmi ni mo kun òdòdó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọdún yẹn ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní òwe, mo ń kọ ọ́ sójú pátákó pẹ̀lú ẹfun: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tí kò bá lè kà á, mo máa ń ní kó dúró.

Ìyá ló ń jìyà rẹ̀. Èso igi náà gùn bí àdá, ó dúdú, ó ń já bọ́ sórí páànù rẹ̀ ní gbàgà gbàgà. Ọmọ igi ń hù láàárín ẹ̀fọ́ rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo máa ń rí i láti fèrèsé, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fà wọ́n tu lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń kó wọn jọ sínú abọ́. Mo rí i. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé n kò rí i.

Ìgbà tó yá, gbòǹgbò tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ sí bá garawa jáde nínú kànga. Omi náà ń yí padà, ó ń pọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé kan, tí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta wà nílé mi, tí a ń mu mínírà lábẹ́ igi, ìyá wọlé wá. Ó di igbá kan mú. Ó gbé e fún mi kí n wò ó: gbòǹgbò ló wà nínú rẹ̀, ó ṣì tutù.

"Ìyàwó mi, mo wá bẹ̀ ẹ́ ni," ló wí. "Igi yìí ti dé inú kànga. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ jọ̀wọ́, jẹ́ kí wọ́n gé e kó tó pẹ́ jù. Kànga yẹn ni mo ní."

Ojú tì mí níwájú àwọn àlejò mi. Ìtìjú yẹn ló di ìbínú. Mo ní, "Ìyá, kànga yín ló gbó jàre. Ẹ má purọ́ mọ́ igi. Ìjọba ò sì ní pẹ́ gbé omi ẹ̀rọ dé ibí. Tó bá ti dé, ta ló tún máa wá máa fa omi kànga?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá gba igbá rẹ̀ lọ́wọ́ mi. "Ó dáa, tíṣà," ló wí, ó sì yí padà lọ sílé.

Kò pè mí ní tíṣà rí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ó yẹ kí n sáré tẹ̀ lé e, kí n kúnlẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn tíṣà máa wò mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo ṣí ìgò mìíràn. Láti ọjọ́ náà lọ, n kò pọnmi níbẹ̀ mọ́. Mo ra dúrọ́ọ̀mù méjì, mo ń ra omi lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń gbé omi kiri, mo sì ń fi owó epo yangàn sí omi ọ̀fẹ́ ìyá.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀ lé e le. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ wá rọ̀, ó rọ̀ bí ẹni tó ń gbẹ̀san. Mo dé láti ilé ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo bá ènìyàn rẹpẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Kànga ti wó. Rìǹgì sìmẹ́ńtì tó wà lókè ti là sí mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ kan ti ya lulẹ̀, ẹrẹ̀ pupa sì kún inú rẹ̀ dé ìdajì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kò sẹ́ni tó ń fa omi lákòókò náà. Ìyá dúró ní tirẹ̀, ó di okùn garawa mú. Kò sunkún. Ì bá sunkún, ì bá sàn fún mi.

Wọ́n pe ọkùnrin tó ń gbẹ́ kànga. Ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó sì ju ìdì gbòǹgbò kan sókè. Ó tóbi ju orí màlúù lọ. Ó ní rìǹgì ti bàjẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ ti tú, kò sẹ́ni tó lè tún kànga yẹn gbẹ́ mọ́, àfi kí wọ́n gbẹ́ tuntun síbòmíràn. Ó yí ojú sí igi wa. Gbogbo wọn yí ojú síbẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n gé e. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gé e, òdòdó ṣì wà lórí rẹ̀. Ọkọ mi gbà láti san owó kànga tuntun, ṣùgbọ́n ìyá kọ̀. Ó ní, "Ọkọ mi ló gbẹ́ èyí. Ta ni màá tún ní kó wá gbẹ́ ẹ?" Àwọn aládùúgbò wá ń lọ pọnmi ní ìpẹ̀kun òpópónà kejì. Ọ̀nà ibẹ̀ kò gba ẹnu ọ̀nà ìyá kọjá. Ó ń jókòó ti àmù, àmù sì gbẹ.

Mo ń gbé omi lọ láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé. Màá da omi ọkọ̀ mi sínú àmù rẹ̀, á sì ní, "Ẹ ṣé, tíṣà." Ẹ ṣé! Èmi tí ìyá wẹ ọmọ fún lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìgbà tí àgbàlagbà bá ń fi "ẹ" dá ọ lóhùn, ó ti gbé ọ jìnnà sí ara rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ ni ẹ̀bẹ̀ máa ń dé ọ̀fun mi, láràárọ̀ ni mo sì ń gbé e mì. Mo ní màá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní kí a parí ìdánwò ná.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo dé láti ibi iṣẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti tì. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ti Dópẹ̀mú ló wá mú un lọ. Ìyá ti da àmù dojú délẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí a ti ń ṣe sí ohun tí a kò ní lò mọ́. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Dópẹ̀mú kò jìnnà. N kò lọ. Ojú ń tì mí ni, mo sì rò pé àyè ṣì wà.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn náà tí ọmọ náà wá. Aṣọ dúdú ló wọ̀, nítorí náà mo ti mọ̀ kó tó la ẹnu. Lẹ́yìn tí mo ti kí i kú ará fẹ́ra kù, ó ní àwọn ẹbí fẹ́ pín ilẹ̀ náà, òun sì fẹ́ mọ ojú ààlà. Mo mú un lọ síbi píláà. Gbòǹgbò igi mi ti gbé e tu. Ó ti dùbúlẹ̀ sínú ilẹ̀ ìyá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣísẹ̀ méjì sí ibi tí sọ̀fíyà rì í sí, nọ́ńbà rẹ̀ sì dojú kọ ọ̀run. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ á rò pé ilẹ̀ wa dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá pa dà wá sí mi létí: kó má ṣá sún.

"Ẹ jẹ́ ká pe sọ̀fíyà," ni mo wí.

"Rárá, mà," ọmọ náà wí. "Màmá ti sọ fún mi kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní tí ọ̀rọ̀ ààlà bá dojú rú, kí n má wulẹ̀ wá ẹnì kankan kiri. Wọ́n ní, 'Bi ìyàwó mi. Kò ní purọ́ fún ẹ.'"

"Kí ni wọ́n pè mí?"

"Ìyàwó mi." Ó ń wò mí. "Àbí ẹ̀yin kọ́ ni?"

Mo jókòó sórí kùkùté igi náà, mo sunkún bí ọmọdé, ọmọkùnrin náà dúró tì mí, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná ìyá. Pèrègún kan ṣoṣo tó rì síbẹ̀ lọ́jọ́ náà ti di igbó. Mo gé méje lára rẹ̀. Mo mọ ojú ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ojú mi ló rí wọn nígbà tí alágbàṣe ń fi iyẹ̀pẹ̀ dí wọn. Ṣùgbọ́n n kò gbìn wọ́n síbẹ̀. Mo wọ inú ilẹ̀ tiwa ní ìṣísẹ̀ kan, mo tò wọ́n.

"Ẹ ti wọ inú ilẹ̀ yín, mà," ọmọ náà wí.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni mo wí. Mo mọ̀ pé ìṣísẹ̀ kan kò tó nǹkan kan.

Omi ẹ̀rọ ìjọba tí mo fi fọ́nnu níjọ́ kìíní kò dé òpópónà wa títí di òní. Èmi náà gbẹ́ kànga tèmi nígbẹ̀yìn, sí apá kejì ilé. Àwọn ọmọ ọmọ mi ní kí n yéé fa omi pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí, pé ṣebí ẹ̀rọ wà tó ń fa omi. Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó bọ́ ojú, kí n tó pọn omi tíì, mo máa ń fa garawa kan, màá rọra gbé e lọ sójú ààlà, màá dà á sídìí pèrègún méjèèje. Garawa àkọ́kọ́, ti ìyá ni.